Afẹ́fẹ́ Pàápàá, Àmánà Ni

 

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a ṣe ní Peckham ní ìlú London, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí bi mí léèrè pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lo ń ṣe nílùú òyìnbó yìí?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá, àwọn tó ń ti ilé wá ṣe fíìmù níbí ni mò ń bá háyà máìkì aláìlókùn. Èmi náà ni mo sì ń tò wọ́n kí ohùn ẹnì kan má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn."

Ìyá wò mí títí, wọ́n ní, "Áà! Ṣé ohùn náà ni wọ́n wá ń háyà báyìí?"

Gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Òótọ́ ni ìyá sọ. Ohùn ọmọ aráyé ni wọ́n ń fi lé mi lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ tí ohùn náà sì ń gbà kọjá kì í ṣe tèmi. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyí, pẹ̀lú àṣìṣe ńlá kan tí mo ṣe ní ọdún 2023, tí Ọlọ́hun fi àánú Rẹ̀ bò mí nínú rẹ̀.

Ohùn tí ń gba afẹ́fẹ́ lọ

Bí ẹ bá ń wo fíìmù, tí ẹ rí ọkọ àti aya tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́bàá títì, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ketekete, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí máìkì kankan. Bẹ́ẹ̀, ó wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ, abẹ́ aṣọ ni a sì ń fi í pamọ́ sí. Okùn tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ àpótí kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, èyí tí a máa ń so mọ́ ìdí òṣèré lẹ́yìn. Àpótí yìí ló ń ju ohùn sínú afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò ti ń ṣe, àfi pé agbára tirẹ̀ kéré púpọ̀. Àpótí kejì wà lọ́dọ̀ tèmi. Òun ló ń gba ohùn náà láti inú afẹ́fẹ́, tí mo fi ń gbọ́ ọ létí mi. Nítorí náà, òṣèré kọ̀ọ̀kan tó wọ máìkì ti di ilé iṣẹ́ rédíò kékeré tó ń rìn kiri.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹ máa ń wá kí ẹ tó lè gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni máìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Mẹ́gáháàsì ni wọ́n fi ń wọn nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n kí ó lè rọrùn, èmi yóò máa pè é ní ọ̀nà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà 610, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá gbà á ní àdúgbò kan náà ní wákàtí kan náà, ohùn méjèèjì á kọlu ara wọn, ariwo lásán ni etí ó sì gbọ́.

Okùn kékeré kan tún máa ń yọ lára àpótí yìí. Gígùn rẹ̀ kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì tó ń gba ọ̀nà 600 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, ìdámẹ́rin rẹ̀, tí í ṣe 12.5, ni a sì máa ń gé okùn náà mọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ká a jọ tàbí tó gé lára rẹ̀ kí ó má bàa hàn ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bákan náà, omi pọ̀ nínú ara ènìyàn, ara a sì máa gbé ìgbì yìí mì. Ìdí nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbà kí àpótí tí a so mọ́ ara ní agbára tó tó mílíwáàtì 50 lórí ìkànnì 38, nígbà tí èyí tí a ń fọwọ́ mú kò gbọdọ̀ ju 10 lọ.

Kí ló dé tí a fi ń háyà, tí a kò kúkú rà? Owó ni àkọ́kọ́. Ẹyọ máìkì aláìlókùn kan tó dára fún fíìmù lè gba owó tí ènìyàn fi ra alùpùpù tuntun, fíìmù kan sì lè fẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìdí kejì ni pé máìkì tó bá òfin ìlú kan mu lè máà bá ti ìlú kejì mu. Àwọn àgbà wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ohun ẹni gan-an ni kì í báni mu lókè òkun. Èyí tí a háyà níbẹ̀ ló máa ń báni mu.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni fún ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tí máìkì ń fò kò gbòòrò bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fóònù alágbèéká wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé eré náà wà níbẹ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti pín in bí ìgbà tí ọmọ bàbá kan bá pín ilẹ̀ oko, olúkúlùkù sì ní ààlà tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí ń jẹ́ Ofcom ló ń pín in. Ìkànnì 38, tó wà láàárín ọ̀nà 606 àti 614, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún máìkì jù lọ. Ìwé àṣẹ kan ni ènìyàn ó gbà, yóò sì lè lò ó káàkiri ìlú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun pẹ̀lú ẹlòmíràn ni wọ́n jọ ń lò ó. Bí èyí kò bá tó, a ó kọ̀wé sí wọn, a ó sọ ibi tí a ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, wọn yóò sì fún wa ní ọ̀nà tó ṣófo ní àdúgbò náà. Àyè tóóró kan wà láàárín 863 àti 865 tí kò nílò ìwé àṣẹ rárá, ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ mọ̀ pé èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí a pín yìí náà kì í dúró lójú kan. Láyé ìgbà kan, ìkànnì 69 ni àwọn onímáìkì ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fóònù alágbèéká fẹ́ àyè, wọ́n sì kó àwọn onímáìkì kúrò níbẹ̀ kí ọdún 2012 tó parí. Ní ọdún 2020, wọ́n tún gba àyè mìíràn lọ́wọ́ wọn, láti nǹkan bí ọ̀nà 700 lọ sókè. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2020 ni òfin ti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni lo máìkì láàárín ọ̀nà 617 sí 652 àti 663 sí 698, nítorí wọ́n ti ta ibẹ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́ fóònù. Kí ni àwọn tó ní ògbólógbòó máìkì ṣe? Púpọ̀ nínú wọn tà á ní owó pọ́ọ́kú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá rí máìkì olówó pọ́ọ́kú, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó yọ̀.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tò wọ́n náà ní ọgbọ́n nínú. Ẹ lè rò pé bí máìkì kan bá wà ní 610, tí èkejì wà ní 611, tí ẹ̀kẹta wà ní 612, wọn kò fara kanra nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àpótí méjì bá sún mọ́ ara wọn, wọn a máa bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ẹ mú 611 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ 610 kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí 612. Ẹ mú 610 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ 611, ẹ ó rí 609. Ọmọ àìpè tó wà ní 612 yìí ni yóò lọ kọlu máìkì kẹta. Nítorí náà, a kì í tò wọ́n ní dọ́gbadọ́gba. Bí máìkì bá di mẹ́jọ, ìṣirò náà kúrò ní ti orí, kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó tún dé ibi tí a ó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn, n ó tan ẹ̀rọ tí ń gba ohùn, n ó sì tẹ́tí sílẹ̀ láti mọ ẹni tó ti wà lójú ọ̀nà kí àwa tó dé.

Lábẹ́ híjáàbù

Ẹ̀yin ìyá mi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti kan àwa obìnrin jù lọ nìyí. Abẹ́ aṣọ ni a ń fi máìkì sí. Ta ni yóò fi í sí abẹ́ aṣọ obìnrin Mùsùlùmí?

Nínú fíìmù tí mo ń sọ yìí, a ya ìran kan tí wọ́n ti ń so yìgì, ní gbọ̀ngàn kan ní gúúsù London. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ mú máìkì dání, ó fẹ́ fi sára Àlàájà tó ń ṣe ìyá ìyàwó. Àlàájà fà sẹ́yìn. Wọn kò bínú, wọn kò pariwo, wọ́n kàn sọ pé, "Ọmọ mi, má bínú, ìwọ kọ́." Ojú ti ọmọ náà, ojú sì ti èmi náà, nítorí èmi ni ó yẹ kí n ti ronú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ti sọ ọ́ di òfin fún ara mi pé obìnrin ni yóò fi máìkì sára obìnrin, nínú yàrá tó ní aṣọ ìkélé, n ó sì kọ́kọ́ tọrọ àyè kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Híjáàbù náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Aṣọ tó ń dán, tó sì ń yọ̀, a máa pariwo bó bá ń ha ara rẹ̀. Òwú jẹ́jẹ́ kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Gèlè tó le a máa dún kẹ́rẹkẹ̀rẹ nígbà tí ẹni tó wé e bá yí orí. Bí obìnrin bá wọ híjáàbù, mo máa ń fi máìkì sínú ìbòrí kékeré tó wà lábẹ́, lókè iwájú orí, tàbí kí n fi téèpù tí wọ́n ń lò sí ojú egbò lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lókè àyà, kí aṣọ méjèèjì má bàa máa ha á. Ohùn a sì jáde dáadáa, ara rẹ̀ a wà ní bíbò. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan tí wọ́n máa ń sọ pé híjáàbù ló ń dí ohùn lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ẹni tó fi máìkì síbẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n fi.

Nǹkan kan tún wà tó jù èyí lọ. Máìkì kò mọ ìgbà tí eré parí. Bí a kò bá pa á, ó ń sọ gbogbo ohun tó bá gbọ́. Ní ọjọ́ kan, òṣèré obìnrin kan gbàgbé pé máìkì wà lára òun. Ó bọ́ sí ìkọ̀rọ̀ kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ inú ilé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Gbólóhùn kan péré ni mo gbọ́ tí mo fi pa ohùn náà lẹ́nu, nítorí olùdarí fíìmù àti àwọn méjì mìíràn náà fi ohun ìgbọ́hùn bo etí. Mo lọ bá a jẹ́jẹ́, mo fọwọ́ kan àpótí tó wà nídìí rẹ̀ láti rán an létí. Omijé lé ròrò sí i lójú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ rántí pé Sura Hujurat kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin ara wa. Etí tí ó bá gbọ́ ohun tí a kò fi ránṣẹ́ sí i, kí ó tètè dì. Láti ìgbà náà, bí àkókò ìrun bá tó, tàbí tí òṣèré bá fẹ́ lọ ṣe alùwàlá, èmi fúnra mi ni n ó lọ pa máìkì rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè wo?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi.

Nígbà tí mo lọ háyà máìkì mẹ́jọ fún fíìmù náà, bàbá òyìnbó tó ni ìsọ̀ náà bi mí ní ìbéèrè kan kí ó tó bi mí léèrè owó: "Orílẹ̀-èdè wo ni ẹ ti fẹ́ lò ó?" Mo ní London ni. Ó yí gbogbo wọn sí ìkànnì 38, ó kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, mo san owó ìdógò, mo sì kó wọn lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a parí, Àlàájì tó ni fíìmù sọ pé a ó lọ ya ìran ìkẹyìn ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Ìran náà ni ti ìyá tó ń ṣàìsàn, tí ọmọ rẹ̀ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Mo gba ìwé Carnet, tí a fi ń kó irinṣẹ́ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè láìsan owó orí, tí gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà wálé. Mo ka bátìrì, mo ka okùn. Ṣùgbọ́n n kò padà lọ bá bàbá onísọ̀ láti sọ fún un pé orílẹ̀-èdè ti yí padà. Ó yẹ kí n lọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ọjọ́ ti kúrú, owó ti ń tán lọ́wọ́ Àlàájì, mo sì ń wí nínú ọkàn mi pé máìkì náà ni máìkì. Nígbà tí Àlàájì bi mí pé, "Ṣé kò séwu nípa ti máìkì?" mo mi orí lásán. Ẹ gbà mí gbọ́, ènìyàn lè fi orí mímì purọ́.

Ilé ìwòsàn náà ti fún wa ní yàrá kan tí wọn kò lò. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n ní kí a kọ gbogbo ẹ̀rọ tí a ó gbé wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀nà wọn. Mo kọ "máìkì mẹ́jọ", mo sì fo ibi nọ́ńbà dá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo tan máìkì àkọ́kọ́ láti dán an wò. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà wọlé, ó mú ìwé tí mo kọ dání. Ó kí wa, ó sì bi mí pé, "Nọ́ńbà wo ni máìkì yín wà?"

Mo ní, "610."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, nísinsìnyí." Mo pa á. Ó fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ pe àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń béèrè bóyá gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni ó tó mí èémí, tó jókòó, tó sì ṣàlàyé fún mi.

Ó ní ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà 608 sí 614 kì í ṣe ti máìkì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́tí sí ìràwọ̀ ojú ọ̀run ní ìpín níbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn sì ní ìpín níbẹ̀. Aláìsàn tí àyà rẹ̀ ń fẹ́ àmójútó a máa wọ àpótí kékeré kan lọ́rùn, kí ó lè máa rìn láìsí okùn. Àpótí náà ló ń ju bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sínú afẹ́fẹ́, lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, máìkì ni wọ́n wọ̀ bí àwọn òṣèré mi ti wọ̀ ọ́, àfi pé ọkàn ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú tiwọn.

Ó mú mi lọ sẹ́yìn gíláàsì kan. N kò rí aláìsàn kankan. Ojú ẹ̀rọ tí ìlà aláwọ̀ ewé ń fò sókè sódò lórí rẹ̀ ni mo rí, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnì kan. Mo ro ti ìyá tèmi, tí wọ́n lo oṣù kan lórí ibùsùn kí Ọlọ́hun tó gbà wọ́n, tí èmi kò sì lè wá láti London. Bí ẹnì kan bá gbé irinṣẹ́ fíìmù wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn nígbà náà, tí ó mi orí tí ó ní kò séwu, kí ni n bá ṣe fún un? Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, mo fara ti ògiri.

Lẹ́yìn náà ni mo kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀rù ọkùnrin náà kì í ṣe lásán. Ní ọdún 1998, ní ìlú Dallas, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ wò, ọ̀nà tó ń gbà sì kọlu èyí tí ẹ̀rọ àmójútó ọkàn ní ilé ìwòsàn kan ń gbà. Aláìsàn kankan kò fara pa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, FCC, àjọ tó ń pín ojú afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn, ọ̀nà 608 sí 614 sì wà lára rẹ̀. Èyí tí a ní kí onímáìkì máa lò ní London, òun gan-an ni ti aláìsàn ní Maryland. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ níbì kan, oúnjẹ ni níbòmíràn.

Kò sí ẹni tó fara pa lọ́jọ́ náà, àlùhámdúlíláì. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ọgbọ́n mi ló yọ wá.

Mo padà sínú yàrá, mo sì sọ òótọ́ fún Àlàájì níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ bi mí bóyá ewu wà, mo mi orí. Mo mọ̀ pé n kò wádìí." Wọn kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kí ni a lè ṣe báyìí?" A mú máìkì olókùn, a so ó mọ́ orí ọ̀pá gígùn, mo sì gbé e lókè orí àwọn òṣèré títí apá mi fi ń gbọ̀n. Àlàájà tó ń ṣe ìyá aláìsàn, àwọn kan náà tó ní kí ọmọkùnrin náà má fọwọ́ kan àwọn, sọ̀rọ̀ àforíjì náà lórí ibùsùn, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Omijé ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ mí sókè, nítorí máìkì yóò gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo háyà máìkì tó bá òfin ibẹ̀ mu láti ìsọ̀ kan ní àdúgbò náà, owó ara mi ni mo sì fi san án. A gba nọ́ńbà wọn sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára. Ìgbà náà ni a tó tan wọ́n.

Ìmọ̀ràn mi

Mo rò pé àwọn ọmọ wa púpọ̀ yóò ṣe iṣẹ́ fíìmù, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, yálà ti ìtàn, ti ìgbéyàwó tàbí ti wáàsí. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Èkíní, kí ẹ tó béèrè iye owó máìkì, ẹ sọ orílẹ̀-èdè àti ìlú tí ẹ ti fẹ́ lò ó. Bí ìrìn àjò bá yí padà, ẹ padà lọ sọ fún ẹni tí ẹ háyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, ẹ gba ìwé àṣẹ ibẹ̀. Máìkì tó bá òfin mu kò tíì tó, bí ẹni tó ń lò ó kò bá ní àṣẹ. Bí ẹ bá ní ilé ìwòsàn, pápá ọkọ̀ òfúrufú tàbí ilé eré ni ẹ ń lọ, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ má fo ibì kankan nínú ìwé wọn dá.

Ẹ̀kẹta, bátìrì lítíọ́mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí ẹ ó fi sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Inú báàgì ọwọ́ ni ó ń gbé, kí ẹ sì bo ẹnu rẹ̀ kí wọ́n má bàa kan ara wọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo ohun tí ẹ gbà, ẹ ka wọ́n láàárọ̀, ẹ kà wọ́n lálẹ́. Máìkì tó kéré tó hóró àgbàdo a máa bá aṣọ lọ ilé alágbàfọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá obìnrin tí yóò máa fi máìkì sára obìnrin. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ fíìmù kò yẹ ọmọbìnrin Mùsùlùmí, ẹ wo ibi yìí dáadáa. Bí ọmọ yín kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ ta ni yóò bo àṣírí ìyá tó wọ híjáàbù?

Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tó ni ín. Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú wáàsí, owó àti ẹrù ni mo máa ń rò. Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé àpótí tí mo háyà jẹ́ àmánà, ohùn inú rẹ̀ jẹ́ àmánà, afẹ́fẹ́ tí ó gbà kọjá náà sì jẹ́ àmánà, nítorí èmi nìkan kọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí n kò rí, tí kò mọ̀ mí, lè máa fi ọ̀nà kan náà mí.

Nígbà tí mo dá máìkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà ní London, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá onísọ̀. Ó kà wọ́n, wọ́n pé. Ó dá owó ìdógò mi padà. Kò bá mi wí rárá. Ó kàn ní nígbà mìíràn tí mo bá wá, kí èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí òun tó bi mí. Mo sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kí n tó kí i tán lẹ́nu ọ̀nà ni n ó ti dárúkọ orílẹ̀-èdè.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ ohùn wa, kí Ó bá wa ṣọ́ etí wa, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì dárí àṣìṣe wa jì wá. Àmín.